Etí Kan fún Ulé

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ̀rọ̀ nípa Bàbá Àgbà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ìwé méjì, mo sì ti kà á sí ara mi létí títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde tí ojú mi kan pósí náà, gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ènìyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run, wọ́n sì fẹ́ràn orin. Ìjọ ṣe àmín. Mo padà jókòó. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n a lè sọ ọ́ nípa ẹnikẹ́ni tó bá kú ní Ìkọ̀lé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dà mí láàmú, ó sì yẹ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ẹkún nìkan ni mo wá sun. Bàbá Àgbà fi orin mọ́kànlá sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mi. Dádì mi, tí í ṣe àkọ́bí wọn, fẹ́ kí á fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé orin náà jáde níbi ìsìnkú, kí gbogbo ìlú gbọ́. Èmi ni mo ní rárá. Èmi tí n kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí n kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní kan nínú ẹbí, èmi ni mo di kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Dádì mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì. N kò mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe tọ́ tàbí mo kàn fi ìbẹ̀rù bojú bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, kí ẹ lè bá mi dá ẹjọ́ náà.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni Bàbá Àgbà fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ń ta gìtá oníná nínú ẹgbẹ́ olórin kan ní Àkúrẹ́. Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí èmi fi gbọ́njú, gìtá náà ti wà lára ògiri pálọ̀, àwọ̀ pupa rẹ̀ ti ṣá níbi tí apá wọn máa ń gbé lé. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á máa ta á láìsí wáyà kankan lára rẹ̀. Gìtá oníná tí kò bá ní wáyà, ohùn rẹ̀ kò ju ti adìyẹ tó ń tàlẹ̀ lórí ewé gbígbẹ lọ. Bàbá Àgbà á wá tẹ etí mọ́ ara igi rẹ̀, wọ́n á dijú, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún.

Mo rò pé àìrówó ni wọn kò fi ra ańpù, ìyẹn àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde. Mo máa ń káàánú wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo rò nípa wọn ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo sìnlú tán, tí iṣẹ́ kò yọjú, mo wá sí Ìkọ̀lé láti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn. N kò kúrò mọ́. Nígbà náà, àyà mi máa ń já láràárọ̀ kí n tó la ojú, n kò sì lè sọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Mo ti kà á níbì kan pé ètò kan wà tí ènìyàn lè kó sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa sín ohùn ańpù jẹ. Wáyà á ti ara gìtá lọ sínú àpótí kékeré kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, á ti ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń ta á yóò sì máa gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù. Mo ra àpótí náà ní àlòkù. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè jẹ́ pé mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan nílò mi.

Bàbá Àgbà yí àpótí náà síwá sẹ́yìn, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá ní wáyà nínú.

"Ẹni tó bá jókòó tì yín pàápàá kò ní gbọ́ ọ, Bàbá," ni mo wí.

"Kò ní gbọ́ nǹkan kan?"

"Àfi bí ìgbà tí adìyẹ ń tàlẹ̀."

"Ohùn náà á wá wà níbo?"

"Nínú etí yín."

"Etí mélòó?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. "Méjèèjì, Bàbá."

Wọn kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní, "Ṣé kò ṣeé fi ọ̀kan gbọ́?"

Mo ní ó ṣeé ṣe. Wọ́n gbé hẹ́dífóònù náà sórí, wọ́n sì ti apá òsì rẹ̀ sẹ́yìn etí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lò ó títí dọjọ́ ikú. Mo kọ́kọ́ rò pé apá òsì náà ló bàjẹ́, mo tú u wò. Mo wá ra òmíràn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé tuntun náà sórí, wọ́n sì tún ti apá òsì sẹ́yìn etí. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bi wọ́n léèrè. Èdè Ìkọ̀lé wa ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn yòókù ni mo ń kọ bí a ṣe ń kọ Yorùbá ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n èyí kọ̀ láti yí padà, nítorí ulé ni àwa ń pe ilé. Wọ́n ní, "Etí kan fún orin, etí kan fún ulé."

Wọn kì í ṣe ẹni tí ohun tuntun ń dẹ́rù bà, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè gba ohunkóhun gbọ́. Oríṣiríṣi ańpù ló wà nínú ètò náà, ó ju ogójì lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán bọ́tìnnì tí a fi ń yí ohùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi dán wọn wò. Màmá Àgbà máa ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n á rí ọkọ wọn tó ń bá àwòrán jà, wọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á sì padà lọ.

"Èyí ń parọ́," ni Bàbá Àgbà á wí. "Gbé òmíràn wá."

Mo gbé e.

"Èyí ń pariwo bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà fún. Òmíràn."

Ní ọjọ́ kẹta a kan ańpù kékeré kan báyìí, tí ohùn rẹ̀ há díẹ̀ bí ti ẹni tó ti kọrin láti àárọ̀. Wọ́n ta okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá kí n tún yí i. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ẹni yìí mọ̀ mí."

Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì sunkún. N kò mọ̀ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Bóyá nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí kò mọ̀ mí ni.

Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà náà máa ń lọ́ra. Wọ́n á ta gìtá, ohùn á dúró díẹ̀ kó tó dé etí wọn. Ó kéré débi pé èmi kò gbọ́ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn á le. Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń dáhùn ìkíni lẹ́yìn tí ẹni tó kí i ti kọjá lọ. Mo mọ ibi tí a ti ń tún un ṣe, mo tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni iléeṣẹ́ kan pè mí lórí fóònù láti fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ọkùnrin náà ní kí n sọ díẹ̀ nípa ara mi. Mo ronú. Mo wá gbólóhùn tó máa dára jù, mo wò ó lápá ọ̀tún, mo wò ó lápá òsì, ọkùnrin náà sì rò pé ìlà ti já, ó gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá Àgbà ń gbọ́ láti ìdí gìtá. Wọn kò bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ohun tí o ṣe fún kọ̀ǹpútà, ṣe é fún ara rẹ. Dáhùn kí ẹni náà tó kọjá."

Ó yẹ kí n sọ ti irin kan báyìí, nítorí àwọn kan ṣì wà ní àdúgbò tí wọn kò gbà pé bó ṣe rí ni mo ń sọ ọ́.

Gìtá náà máa ń kùn. Bí ọwọ́ kò bá sí lára okùn rẹ̀, á máa kùn bí oyin nínú hẹ́dífóònù. Bàbá Àgbà ní iná ilé wa kò ní wáyà tó wọlẹ̀, ariwo náà kò ríbi sá sí. Wọ́n wá wá ọ̀pá irin kan, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wọ́n gba ojú fèrèsé mú un wọlé dé ara àpótí kékeré náà. Kíkùn náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, irin náà kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Nítorí náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó gbé gìtá, wọ́n á jáde pẹ̀lú ife omi kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rọra da omi sí ìdí irin.

Ẹ wo bí yóò ti rí lójú ẹni tó ń kọjá. Àgbà ìjọ Áńgílíkà kan, ó kan irin mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ bomi fún un lójoojúmọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá ni bàbá kan láti agbo ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún ní òpópónà kejì. Ó gbé iṣu sísun wá nínú abọ́, ó fi epo sí i. Ó ní inú àwọn dùn, ó ní àwọn kò mọ̀ pé ọ̀kan lára àwọn ni Bàbá látìgbà yìí wá. Bàbá Àgbà wo iṣu náà, wọ́n wo èmi, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà ìjọ méjì dé, pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá.

"Bàbá, a gbọ́ pé ẹ ń bọ irin."

"Mò ń fún un lómi ni."

"Bí a ṣe gbọ́ ọ náà nìyẹn."

Bàbá Àgbà kò bínú. Wọ́n gbé hẹ́dífóònù sórí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ní kí n tú wáyà kúrò lára irin. Ojú àgbà ìjọ náà yí padà, ó ní oyin ti wọ òun létí. Wọ́n ní kí n dá wáyà padà. Ó ní ó ti dákẹ́. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta títí èkejì fi fẹ́ dán an wò. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ọ̀kan nínú wọn yíjú padà, ó bi wọ́n bóyá òótọ́ ni pé wọ́n jẹ iṣu Ògún. Bàbá Àgbà ní iṣu ni, kì í ṣe ìgbàgbọ́, ó sì dùn. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni wọ́n wá kọjú sí èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ti ń ro ohun tí gbogbo ìjọ yóò máa sọ nípa wa. Wọ́n ní, "Ohunkóhun tó bá ń kùn nínú ẹ, wá ilẹ̀ fún un."

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè pa Bàbá Àgbà lẹ́nu mọ́, ìyẹn Bàbá Káfíńtà. Ògiri tí kò ga ju àyà lọ ló wà láàrin ilé wa àti tiwọn. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn. Ẹsẹ̀ òsì Bàbá Káfíńtà kò ṣeé ká, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n sì máa ń jókòó láti àárọ̀ níwájú ilé wọn, lórí àpótí dúdú kan tí wọ́n fi aṣọ tó nípọn bò, tí irin wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìjà wọn kì í tán. Ewé máńgòrò wa ń já sí ọ̀dọ̀ wọn, adìyẹ wọn ń yé sí ọ̀dọ̀ wa.

"Onígìtá, o tún ti ń ha ìkòkò?"

"Káfíńtà, gbogbo ìlú lo kan òrùlé fún, tìrẹ ló jù ọ́ sílẹ̀."

"Gìtá tí kò dún, báwo ló ṣe máa dùn?"

"Kò dún síta ni. Nínú ulé, ó dùn."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ba eré náà jẹ́. Bí Bàbá Àgbà bá pe Bàbá Káfíńtà, tí wọ́n bá pẹ́ dáhùn, Bàbá Àgbà á ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Bàbá Káfíńtà á wá ní, "Èmi náà pè ọ́ rí. Orin lo fi dá mi lóhùn." Ojú ẹsẹ̀ ni Bàbá Àgbà, tí kì í wá èsì tì, á yí padà wọlé. Ó ṣojú mi tó ìgbà mẹ́ta. Bí mo bá bi Màmá Àgbà léèrè, wọ́n á ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí èmi fúnra mi ṣẹ̀.

Òjò ti rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá Àgbà lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku èmi àti Màmá Àgbà. Bàbá Àgbà ti ń kọ́ mi ní gìtá nígbà náà. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sì bo etí mi méjèèjì. N kò lè purọ́ fún yín, inú mi dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan nìyẹn tí n kò gbọ́ ohùn tó ń sọ fún mi pé mi ò wúlò. Ohùn gìtá gba gbogbo inú orí mi. N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Bàbá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi apá gbé Màmá Àgbà ró, ẹrẹ̀ wà lára ìró wọn. Màmá ti yọ̀ ṣubú lórí sìmẹ́ńtì tútù ní ìdí kànga, wọn kò sì lè dá dìde.

Màmá Àgbà kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Mo pè ọ́ títí, Àjọkẹ́."

Ọrùn ọwọ́ ló wú, egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n mo sunkún débi pé Màmá Àgbà fúnra wọn ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Mo sọ pé n kò ní fọwọ́ kan gìtá náà mọ́ láé. Bàbá Àgbà fi aṣọ di ọwọ́ náà tán, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi.

Wọn kò tíì bí mi nígbà tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Àgbà ní ańpù nígbà náà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè. Ní òdìkejì ògiri, Bàbá Káfíńtà gun òrùlé ilé ìdáná wọn láti kan páànù tó ṣí. Igi dá. Wọ́n já sáàrin ògiri àti òkìtì igi ìdáná, ẹsẹ̀ wọn sì dá lábẹ́ wọn. Ìyàwó wọn wà lóko ní ọ̀nà Ààyè. Wọ́n pe Bàbá Àgbà ní orúkọ, wọ́n pè títí ohùn fi há. Ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàrin wọn kò tó ogún. Ìrọ̀lẹ́ tí ìyàwó wọn ti oko dé ló tó rí wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, egungun náà kò ṣeé tò bó ṣe yẹ mọ́.

"Ó ka gbogbo orin tí mo ta lọ́jọ́ náà fún mi," ni Bàbá Àgbà wí. "Ó kà á ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Kò fo ọ̀kan."

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá Káfíńtà dé láti ilé ìwòsàn, Bàbá Àgbà ru ańpù náà lórí, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú ibùsùn, wọ́n gbé òòlù lé e. Wọ́n ní, "Fọ́ ọ." Bàbá Káfíńtà na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan ara rẹ̀. Wọ́n ní igi gidi ni, àwọn kì í sì í fọ́ igi. Nígbà tí ara wọn yá, wọ́n tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, wọ́n kan pákó dí i lójú. Wọ́n ní àwọn á máa jókòó lé e lẹ́nu, kó má baà tún sọ̀rọ̀ láé.

Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí àpótí dúdú yẹn jẹ́. Mo ti ń kí ẹni tó ń jókòó lórí rẹ̀ láti ìgbà èwe mi.

"Ṣé wọ́n ní kí ẹ má ta gìtá síta mọ́ ni?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Ṣé wọ́n ti dárí jì yín?"

"Mi ò bèèrè."

Mo ní kí ló dé tí wọn kò bèèrè, láti gbogbo ọdún yìí wá. Wọ́n wo ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Bí mo bá bèèrè, á ní òun ti dárí jì mí. Èmi á sì gbàgbé láti máa tẹ́tí."

Wọ́n wá gbé gìtá náà padà lé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé hẹ́dífóònù sí mi lórí, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ti apá òsì rẹ̀ sẹ́yìn etí mi.

Èmi ni mo fi bí a ṣe ń gba orin sílẹ̀ hàn wọ́n. Máíkì kékeré tó wà lára kọ̀ǹpútà ń gba ohùn yàrá, àpótí tó dà bí ọṣẹ ń gba ohùn gìtá, wọ́n sì ń pa pọ̀. Orin mọ́kànlá náà nìyẹn. Ohun tó ń tì mí lójú láti sọ fún dádì mi ni pé kò sí ọ̀kan tó parí. Orin á ti dùn dé góńgó, á kàn já lójijì. Mo rò pé ọwọ́ ló ń ro wọ́n, tàbí pé wọ́n ń gbàgbé ibi tó kù. Bí mo bá ń gbọ́ wọn, mo máa ń pa á níbi tí gìtá bá ti dúró, nítorí n kò fẹ́ gbọ́ ibi tí ogbó ti dé bá wọn.

Ọ̀sán ni wọ́n lọ, lórí àga wọn, nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà. Gìtá wà lórí ògiri. Dádì mi dé láti Ìbàdàn, ó sì sọ ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sin bàbá mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ṣe?" ló bi mí.

N kò lè sọ ìtàn òòlù àti àpótí fún un, nítorí ìtàn Bàbá Káfíńtà náà ni, ẹni náà sì wà láàyè ní òdìkejì ògiri. Mo kàn ń sọ pé, "Wọn ò ní fẹ́ ẹ, Dádì. Wọn ò ní fẹ́ ẹ." Orin ìjọ nìkan la fi sin wọ́n.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti dádì mi wà ní pálọ̀, a gbọ́ tí ohun kan ń wọ́ nílẹ̀ níta. Bàbá Káfíńtà ni. Wọ́n ń fi ọ̀pá ti àpótí dúdú náà níwájú ara wọn, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi tì í wọlé. Dádì mi sáré dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní kó fi sílẹ̀. Wọ́n gbé àpótí náà síwájú àga Bàbá Àgbà, wọ́n jókòó lé e, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ní ìwọ lo dá ariwo dúró," ni wọ́n wí fún mi.

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo ní mo bínú? Gbé e wá kí n gbọ́."

Mo gbé kọ̀ǹpútà wá. Mo gbé hẹ́dífóònù lé wọn lórí, mo bo etí wọn méjèèjì. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ti apá òsì rẹ̀ sẹ́yìn etí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Wọ́n ti ń wo Bàbá Àgbà láti ojú fèrèsé látìgbà yìí wá.

Wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ìka wọn ń lu orí ọ̀pá. Nígbà tó já, mo na ọwọ́ láti pa á. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má bínú, sà, wọn kì í parí rẹ̀ ni."

"Dákẹ́. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Mo gba hẹ́dífóònù, mo yí ohùn rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn ibi tí gìtá ti dúró, ohùn Màmá Àgbà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, láti ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, ní tòsí, ohùn Bàbá Àgbà: "Mò ń bọ̀." Igi gìtá kan ògiri. Bàtà wọn ń wọ́ lọ.

Èmi àti Bàbá Káfíńtà gbọ́ gbogbo wọn, à ń gba hẹ́dífóònù lọ́wọ́ ara wa. Nínú ìkejì, oníṣu kan ló ń béèrè ọ̀nà. Nínú ìkẹta, èmi ni. Mo ń pè wọ́n nítorí kọ́kọ́rọ́ tí mo sọ nù, ohùn mi kún fún ìjayà bíi pé ilé ń jó, wọ́n sì dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́. Kò sí èyí tí ogbó dá dúró nínú wọn. Ìpè ló dá gbogbo wọn dúró.

Ìkeje ni orin tó dùn jù nínú wọn. Kò tíì dé ìdajì tí ohùn kan fi gba orí ògiri wọlé: "Onígìtá. Onígìtá, ṣé o wà ńlé?"

Gìtá dúró lójú ẹsẹ̀.

"Mo wà ńlé. Mò ń bọ̀, Káfíńtà."

Bàbá Káfíńtà ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Wọ́n ní kí n má tiẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu lórí orin, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìpè náà. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú wọn wà lára gìtá tó wà lórí ògiri. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dádì mi.

"Ó dáhùn," ni wọ́n wí.

Dádì mi bi wọ́n pé kí ló dé, kí ni ẹni náà dáhùn. Bàbá Káfíńtà sún díẹ̀ lórí àpótí wọn, wọ́n fi ọwọ́ lu àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Jókòó síbí. Ìtàn náà gùn díẹ̀." Dádì mi, tó ti ní ọmọ mẹ́rin, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Wọ́n gbé hẹ́dífóònù náà lé e lórí. Mo rí i tó fẹ́ bo etí méjèèjì. Wọ́n gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Èmi ń wo àwọn méjèèjì. Mò ń gbìyànjú láti mọ irú ohun tó ń ṣe mí, bóyá ìbànújẹ́ ni àbí ìtura, mo sì ń wá gbólóhùn tí màá fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pá kan gún mi ní ẹsẹ̀.

"Àjọkẹ́," ni Bàbá Káfíńtà wí. "Màmá Àgbà ń pè ọ́ nínú ulé."

Mo ti dìde kí n tó ronú.

"Mò ń bọ̀, Màmá."